Kóòtù Aṣípa ló kọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò tètè gbọ́

Ẹ béèrè bóyá eré tí ọmọdé ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n lè wọ̀ ọ́ lára títí dàgbà. Ó lè wọ̀ ọ́ lára. Tèmi ni Kóòtù Aṣípa, eré ìgbẹ́jọ́ tí olóògbé Oyin Adéjọbí máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí NTA Ìbàdàn.

Pálọ̀ bàbá onílé wa la ti ń wò ó, àwa ọmọdé á jókòó sórí sìmẹ́ńtì. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti rojọ́ tirẹ̀ tán, a ó ti máa pariwo pé kí wọ́n dá ẹnì kejì lẹ́bi. Bàbá onílé á ní ká dákẹ́, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí tibí náà sọ tiẹ̀." Bí tibí bá sọ tiẹ̀ tán, ojú á tì wá.

Mo dàgbà, mo di télọ̀, mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, léèsì oníbàárà kan di àwátì, ọ̀pá márùn-ún. Èyí àgbà nínú wọn ní òun rí àbúrò pátápátá tó gbé ọ̀rá dúdú jáde nírọ̀lẹ́. N kò bi ọmọ náà ní nǹkan kan. Mo lé e lọ lójú ẹsẹ̀, ó ń sunkún.

Ọjọ́ kẹsàn-án, mo sún tábìlì tí a fi ń lọṣọ. Léèsì wà láàárín tábìlì àti ògiri, bí mo ṣe ká a gẹ́lẹ́.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Àjákù ańkárá ló wà nínú ọ̀rá ọjọ́ yẹn, tí ìyá fi ń rán ìrọ̀rí tà. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ọ̀gá, ẹ ò tiẹ̀ bi í léèrè." Ọmọ náà ò padà wá mọ́, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló ti gba fúrídọ̀mù. Lójú ọ̀nà ilé lọ́jọ́ náà, ohùn bàbá onílé ló ń dún létí mi.

Láti ìgbà náà, bí ẹjọ́ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni mo máa ń kọ́kọ́ fún lága.

Nítorí náà, ẹ má kàn tan tẹlifíṣọ̀n fún ọmọ yín kí ẹ bọ́ sí kíṣìnì. Ọ̀rọ̀ tí bàbá onílé ń dá sí eré yẹn ló jẹ́ kó dúró sí mi lára. Èmi náà ń jókòó ti àwọn ọmọ mi báyìí, bó ti wù kó rẹ̀ mí tó.