Ọmọ Mi Fẹ́ Kọ́ Ìbọn Afẹ́fẹ́: Ṣé Kí N Gbà Fún Un?

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 12. Láti ìgbà tó ti wo Olympics ti Paris, kò sí ohun mìíràn lẹ́nu rẹ̀ ju ìbọn afẹ́fẹ́ lọ, ó sì ti lọ wá kílọ́ọ̀bù kan rí nítòsí ilé wa. Bàbá rẹ̀ ní kò burú. Èmi ò rí oorun sùn. Kò sí ọdẹ nínú ìran wa. Ọmọ dúdú tó di ìbọn mú nílùú òyìnbó, ṣé kì í ṣe pé mò ń fọwọ́ ara mi fa wàhálà wálé? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì)

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Ibi tí ẹ parí ọ̀rọ̀ yín sí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ewu tó tóbi jù wà, kì í sì í ṣe inú kílọ́ọ̀bù.

Ìbọn afẹ́fẹ́ jọ ìbọn ológun. Ọlọ́pàá tó bá rí i lọ́wọ́ ọmọ yín lójú títì kò ní kọ́kọ́ bèèrè bóyá afẹ́fẹ́ ló ń lò tàbí ẹ̀tù. Òfin náà kò fi ṣeré: ẹni tó bá gbé e jáde sáàárín ìgboro láìní ìdí gidi ti rú òfin, ọta ì báà wà nínú rẹ̀, ì báà má sí. Nítorí náà, ẹ má ra ìbọn fún un. Kílọ́ọ̀bù ní tiwọn. Ibẹ̀ ni yóò ti bá a, ibẹ̀ ni yóò sì fi í sílẹ̀ sí. Ike omi àti súwẹ́tà nìkan ni kó wà nínú báàgì tó máa gbé wọ bọ́ọ̀sì. Àwọn òbí kan ní kílọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ máa ń bi mí léèrè èyí tó dáa láti rà fún ọjọ́ ìbí. Mo máa ń ní kí wọ́n ra bàtà. Ẹni tí kò tíì pé 18 kò lẹ́tọ̀ọ́ láti rà á fúnra rẹ̀, àgbàlagbà tó bá sì ní in nílé gbọ́dọ̀ tì í mọ́ ibi tọ́wọ́ ọmọdé kò ti ní tó o. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000.

Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé ìbọn afẹ́fẹ́ tá a mọ̀ ni èyí tí ẹ̀gbọ́n kan fi ń pa ẹyẹ lórí igi máńgòrò nílé. Ti eré ìdárayá yàtọ̀ díẹ̀. Kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́ra ló ń ti ọta jáde. Ọta ọ̀hún kò fẹ̀ ju mílímítà 4.5 lọ, kò wúwo ju nǹkan bí ìdajì gíráàmù, ìbàdí rẹ̀ sì fún pinpin bíi ti àdó. Àmọ́ kí kíkéré rẹ̀ má tàn yín jẹ o. Ó lè fọ́ ojú, ó sì ti pa ọmọdé rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí. Ẹ̀yìnkùlé tí kò sí àgbà níbẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe gbọ̀ngàn kílọ́ọ̀bù.

Nínú gbọ̀ngàn, orí ìlà kan náà ni gbogbo wọn ń dúró sí, ibì kan náà ni wọ́n sì kọjú sí. Páálí àfojúsùn wà ní mítà 10. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìbọn kí alábòójútó tó fọhùn. Okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, tiwa pọ́n bí ọsàn, tí a máa ń kì bọ ọ̀pá ìbọn títí yóò fi yọ lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí i tó yọ, ẹ mọ̀ láti òkèèrè pé kò sí ọta níbẹ̀. Ìgbà tí àṣẹ bá dé la tó ń fà á yọ, ọta kan ṣoṣo la sì ń kì sí i lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó máa ń pa àwọn òbí wa lẹ́rìn-ín ni pé ọmọ tó kéré jù níbẹ̀ lè kígbe "Stop!", gbogbo àgbà yóò sì sọ ìbọn kalẹ̀ wọ̀ọ̀. Nílé wa, ta ló fọmọdé ṣe ọ̀gá?

Àwọn àgbà ti sọ òfin àkọ́kọ́ tí mo ń kọ́ ọmọ kí kílọ́ọ̀bù tó dáyé: ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Ẹnu ìbọn kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ páálí, òfìfo ì báà ni. Ìka kò sì gbọdọ̀ kan apátí, ìyẹn ohun tí à ń fà kí ọta tó jáde, àfi bí ojú bá ti bá àmì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ lè má yìnbọn rárá. Á kàn máa gbé e, á máa sọ ọ́ kalẹ̀. Ó máa ń sú àwọn míì, wọn kì í padà wá. Èmi ò sì í pè wọ́n padà.

Àwọn tó bá dúró ló ń rí adùn rẹ̀. Àmì 10, èyí tó ní máàkì jù, tó wà láàárín páálí ìbọn gígùn kò ju ìdajì mílímítà lọ, bí ibi tí ẹnu bírò kàn. Èémí tí ẹ fà wọnú lásán ti tó láti mú ìbọn yẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa tí olùkọ́ rẹ̀ ní iléèwé máa ń sọ pé kì í jókòó jẹ́ẹ́. Lónìí, mo máa ń wò ó bó ṣe ń mí síta díẹ̀díẹ̀, tí èjìká rẹ̀ á rọlẹ̀, kó tó fa apátí. Ban Hyo-jin ti Kòríà Gúúsù, tó gba wúrà ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn ti obìnrin ní Paris lọ́dún 2024, ọmọ ọdún 16 ni, kò sì ju nǹkan bí ọdún mẹ́ta lọ tó bẹ̀rẹ̀. Ìbọn ìdíje lè wúwo tó kílò 5.5, torí náà orí ohun ìgbélé ni ọmọ ọdún 12 yóò gbé tiẹ̀ lé ná.

Òjé ni wọ́n fi ń ṣe ọta, májèlé sì ni òjé. Kó má jẹun nínú gbọ̀ngàn, kó sì fi ọṣẹ fọwọ́ dáadáa kó tó fọwọ́ kan púfúpúfù tí ẹ dì fún un.

Níwọ̀n bí kò tíì pé 14, ẹni tó ti pé 21 ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ nígbàkígbà tó bá ń yìnbọn. Bí ẹ bá kó lọ sí Scotland, òfin ibẹ̀ yàtọ̀. Láti òpin ọdún 2016 ni ìwé àṣẹ ọlọ́pàá ti di dandan fún ìbọn afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ iwájú, bó bá tiẹ̀ ní tirẹ̀, kó má gbé e lọ kí màmá àgbà ní Nàìjíríà: òfin ìbọn ibẹ̀ kà á mọ́ àwọn ìbọn tó ń fẹ́ ìwé àṣẹ.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan, kí ọmọ má bá yín lọ. Ẹ bèèrè ẹni tó ń mójú tó ààbò àwọn ọmọdé, kí ẹ sì rí i sójú. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa wo ọwọ́ àwọn ọmọ. Láìpẹ́, ọ̀kan á gba àmì tó dáa, á fẹ́ yíjú padà tòun tìbọn lọ́wọ́ láti fi han ìyá rẹ̀. Bí àgbàlagbà kan bá ti dá a dúró kó tó yí tán, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún un, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé.