Ìgbà tí iná bá kọjá tán ni ewu dé

Àbúrò, o ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lálẹ́ láàárín Ṣábẹ̀ àti Ìdáàṣà ní ilẹ̀ Benin níbí, pé iná àwọn akẹ́rù ń fọ́ ọ lójú, o wá ń bi wá bóyá kí o ra awò aláwọ̀ òféèfèé tí wọ́n ń kiri. Má rà á. Ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí o fi máa rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí títì, awò yẹn á tún bù nínú rẹ̀.

Ọ̀nà yẹn ni mo fi ń jẹun láti ìgbà tó ti pẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ ni pé ìgbà tí ọkọ̀ olíná yẹn bá kọjá tán ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọlójú máa ń kéré nínú ìmọ́lẹ̀, kì í sì í tètè là padà nínú òkùnkùn. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń ga ló ń pẹ́ sí i. Ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ṣírò rẹ̀ wò bí ojú rẹ bá pẹ́ díẹ̀ kó tó là.

Lóru ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, akẹ́rù kan tan iná gíga bọ̀ wá pàdé mi. Mo ti ń dẹ eré kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Bó ṣe ré kọjá, n kò rí nǹkan kan mọ́. Ewé ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tó ń run lábẹ́ táyà. O mọ ewé tí àwọn tí ọkọ̀ wọn bàjẹ́ máa ń já sójú títì. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá, síbẹ̀ imú ọkọ̀ mi lọ kan ìdí tírélà tó dúró síbẹ̀ láìsí iná kankan. Gíláàsì iwájú fọ́ sí mi lára, àpá rẹ̀ wà níwájú orí mi dòní. Ká ní n kò tíì dẹ eré ni, òkú mi ni wọn ì bá gbé.

Torí náà, dẹ eré kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Má wo inú iná náà. Ọwọ́ ọ̀tún la ń gbà nílẹ̀ wa, ọ̀tún ni kí o gbé ojú lọ, síbi tí ọ̀dà parí sí tí iyẹ̀pẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀, kí o máa tẹ̀ lé e. Àmọ́ fura síbẹ̀ náà, torí àwọn alùpùpù tó di kẹ́ẹ̀gì epo kpayo, ìyẹn epo fàyàwọ́, sẹ́yìn, púpọ̀ nínú wọn kò níná ẹ̀yìn. Mo bẹ̀ ọ́, má fi iná gíga gbẹ̀san. Bí o bá fọ́ òun náà lójú, ta ló kù tó ń ríran nínú ẹ̀yin méjèèjì?

Nu gíláàsì iwájú, pàápàá inú rẹ̀, kí o tó gbéra. Eruku ọyẹ́ àti ooru ẹnu èèyàn máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, iná á sì tàn ká gbogbo rẹ̀. Wo iná tìrẹ náà: bí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn, imú ọkọ̀ á gbé sókè, iná kékeré rẹ á máa gún ojú ẹlòmíràn. Má sì jẹ́ kí wọ́n ki gílóòbù funfun báláú tí wọ́n ń tà lọ́jà sínú ilé iná àtijọ́. Kò bá a mu, ibi gbogbo ló ń tàn sí.

Bí o bá ń rí òrùka yí iná ká, àní láàárín ìlú pàápàá, dókítà ojú ni kí o kọ́kọ́ lọ rí kí o tó tún wakọ̀ lálẹ́.