Sẹ́ẹ̀lì funfun Bàbá pọ̀ rẹpẹtẹ, kí ló dé tí òtútù àyà ń mú wọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 68 ni bàbá wa. Dókítà ní CLL ni, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń rọra rìn, pé kò tíì tó oògùn, kí a ṣì máa ṣọ́ ọ. Sẹ́ẹ̀lì funfun wọn jẹ́ 86,000. Ṣebí sẹ́ẹ̀lì funfun ni ọmọ-ogun ara? Òtútù àyà ti mú wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí. — Ọmọ Bàbá, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú 86,000 yẹn ni kì í jà. Sẹ́ẹ̀lì B kan, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, ló bàjẹ́, tó ń bí irú ara rẹ̀, tí wọn kì í sì í kú lásìkò. Sẹ́ẹ̀lì B ló yẹ kó yọrí sí IgG, èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò àrùn kí ara lè rí i pa. Àwọn tó bàjẹ́ kì í ṣe é, wọn kì í sì í jẹ́ kí àwọn tó kù ráyè ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì T, irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn, náà lè pọ̀, àmọ́ ó ti rẹ̀ wọ́n: CD8, àwọn T tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tí àrùn ti wọ̀, sábà máa ń borí CD4, àwọn T tó ń ran àwọn yòókù lọ́wọ́, àwọn T tó ń pàṣẹ pé kí ìjà dáwọ́ dúró sì ń pọ̀ sí i.

Ẹ má fi ìdá ọgọ́rùn-ún nìkan ka èsì ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí neutrophil, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbé kòkòrò àrùn mì, bá jẹ́ 4% nínú 86,000, ó jẹ́ 3,440, ìyẹn dára. Tó bá wálẹ̀ sí 500, ewu ńlá ni.

Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò IgG. Bó bá rẹlẹ̀ sí 4 g/L, tí àrùn líle ṣì ń padà wá, dókítà lè fún wọn ní immunoglobulin, ìyẹn IgG tí wọ́n yọ lára ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, 0.4 g fún kílò kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni kílò 70 yóò gba 28 g. Ó wọ́n gan-an, ẹ tètè bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀ owó.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ara wọn bá gbóná dé 38°C, ẹ má ra oògùn ibà kí ẹ wá dúró wò ó. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àyẹ̀wò ibà ò ní kí wọ́n má wá kòkòrò mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára òtútù àyà àti ti flu dára, ó sì sàn kí wọ́n gbà á kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ gba ti ibà apọ́njú, nítorí kòkòrò ààyè ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ rìnrìn àjò, kí dókítà kọ ìwé ìyọ̀ǹda sí yellow card wọn. Kí rituximab, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì B, tó wọ ara wọn lọ́jọ́ iwájú, ẹ rí i pé wọ́n ṣe àyẹ̀wò hepatitis B méjì, HBsAg àti anti-HBc: hepatitis B tó ti sùn lè jí, kó sì ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.