Owó rẹ̀ ló fi ra sìgá, àmọ́ ibo ni yóò ti mu ún?

ÌBÉÈRÈ: Mo ní ilé ọtí kékeré ní Yábàá. Oníbàárà mi kan ní owó òun lòun fi ra sìgá, kò sẹ́ni tó lè dá òun lẹ́kun. Mo fi í sí kọ̀rọ̀ kan lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Ṣé ó tó?

ÌDÁHÙN: Kò tó, ìyá wa. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2014 kò ní kó má mu sìgá. Ibi tó ti ń mu ún lòfin ń bá wí. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦10,000 sí ₦50,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 1 sí 3, tàbí méjèèjì. Ẹ̀rọ amúlétutù yẹn kì í kó afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Èyí tó wà nínú yàrá ló ń mú tutù, tó tún ń fẹ́ káàkiri. Ọmọ tó ń gbé ọtí fún yín, tí kò mu sìgá rí, ló ń fa èéfín rẹ̀ símú títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ẹ kó àwo eérú kúrò lórí tábìlì (àbí kí lẹ gbé e síbẹ̀ fún?), kí ẹ lẹ àkọlé mọ́ ẹnu ọ̀nà. Kí oníbàárà yẹn jáde síta, kó jìnnà sí fèrèsé. Ẹ má sì ta sìgá ẹyọ kan fún un: òfin àpapọ̀ ti 2015 kà á léèwọ̀, páálí ẹlẹ́yọ 20 ló kéré jù.