Aṣọ ìbora onírépé mi hunjọ, aró tún ràn án: ṣé kí n jù ú nù ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kó ìrépé aṣọ ẹbí tó ti wà nínú àpò láti ọjọ́ pípẹ́ jọ, mo fẹ́ fi rán aṣọ ìbora fún àwọn ọmọ. Mo gé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ínṣì 6 sí 6. Mo to 10 sí ìbú, mo ní yóò fẹ̀ tó ínṣì 60, 51 péré ló já sí. Àwọn igun ò pàdé. Mo tẹ́ kúbùsù sáàárín, mo fi maṣíìnì tẹ gbogbo ẹ̀ pọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ hunjọ. Mo wá fọ̀ ọ́, aró àdìrẹ ràn mọ́ àwọn tó funfun. Ọkọ mi ní ó dà bí ẹ̀kú eégún. Ṣé kí n jù ú nù ni? Ìyá Ìbejì, Ìta Ẹlẹ́wà, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má jù ú nù o. Ẹ bá mi kí bàbá wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀kú tó dáa kì í ṣe owó kékeré.

Ti aró ni ká kọ́kọ́ mú, torí òun ni ò ṣeé fi falẹ̀. Ẹ má tíì fi áyọ́ọ̀nù kàn án, ooru á jẹ́ kí àbàwọ́n náà jókòó sára òwú. Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú báàfù ńlá, kó pọ̀ tí aṣọ á fi lè rìn nínú ẹ̀ fàlàlà. Ẹ da ọṣẹ oníyẹ̀fun sí i dáadáa, kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú. Tí omi bá dúdú, ẹ dà á nù, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, títí omi á fi mọ́ gaara. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi iyọ̀ tàbí fínígà sí i. Ẹ fi iyọ̀ yín se ọbẹ̀, kò lè di aró tó ti fẹ́ jáde mú. Bílíìṣì ńkọ́? Á bọ́ àwọ̀ àwọn àńkárá tó kù, ẹ má dán an wò.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nu àdìrẹ kẹ́ ẹ tó gé e. Tó bá fi àwọ̀ sílẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ títí tí kò fi ní yọ mọ́.

Aṣọ ẹbí lẹ pè é, mi ò sì rò pé àńkárá nìkan ló wà níbẹ̀. Àńkárá olówùú máa ń sún kì tó bá kọ́kọ́ rí omi, léèsì onípọlísítà kì í sún kì, aṣọ òkè sì máa ń tú létí. Tí wọ́n bá jọ wà lójú kan, ọ̀kan á máa fa èkejì. Ẹ yọ léèsì àti aṣọ òkè kúrò, kẹ́ ẹ fi àńkárá dí ojú wọn.

Ní ti ínṣì tó sọnù, ojú rírán ló jẹ ẹ́. Ojú rírán 9 ló so aṣọ 10 pọ̀. Ààbọ̀ ínṣì níhìn-ín, ààbọ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ínṣì 1. Ẹ gé ọ̀já àńkárá oníńṣì 5 àti ààbọ̀, kẹ́ ẹ rán an mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á padà di 60. Kí igun lè pàdé, ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ ojú rírán ìlà kìíní sápá ọ̀tún, ti ìkejì sápá òsì, wọ́n á gbá ara wọn mú.

Ẹ̀yìn tó hunjọ gan-an niṣẹ́ wà. Eyín maṣíìnì, irin ṣóṣóró tó wà lábẹ́ aṣọ, ń fa aṣọ ìsàlẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì ń tẹ tòkè mọ́lẹ̀, torí náà ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í rìn pọ̀. Tẹ́ ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀ láti etí, gbogbo ohun tó dẹ̀ á kó sáàárín. Ẹ tú u. Ẹ tẹ́ aṣọ ẹ̀yìn sórí táìsì, kó fi ínṣì 4 tóbi jù tòkè lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ nà án, kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù mú etí ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ́ ti àárín lé e, lẹ́yìn náà tòkè, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ nà án láti àárín síta. Pín-ìnnì tá a fi ń de nápkì ọmọ ni kẹ́ ẹ fi mú un, kí wọ́n fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà síra.

Àárín náà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Ẹ fi abẹ́rẹ́ 14 tàbí 16 sí i, ẹ jẹ́ kí ìrán gùn díẹ̀, ẹ sì tú ìdè orí maṣíìnì, èyí tó ń ti ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀, díẹ̀. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù fún un, torí ọwọ́ méjèèjì á wà lára aṣọ, kò sì kàn yín bóyá iná wà.

Tí ìyẹn bá sú yín, ẹ má fi maṣíìnì tẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹ fi òwú nínípọn gún un já ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kẹ́ ẹ ta á ní kókó méjì, ní ínṣì 5 síra wọn. Fún tọmọdé, èmi ì bá ta á ni.

Kúbùsù yẹn ńkọ́? Ẹ yọ ọ́. Ooru Ìkòròdú ò gba kúbùsù láàárín aṣọ méjì. Ẹ ra bẹ́ẹ̀dìṣíìtì olówùú kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òkìríkà ní Sábó, ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi í sáàárín. Tí ọyẹ́ bá dé, wọ́n á fi kúbùsù bora lé e lórí.