Tírélà wa ń jó ijó lẹ́yìn mọ́tò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúuṣẹ́ o. Èmi àtìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tírélà kékeré tí wọ́n ń sùn sí, a wá gbé e jáde fúngbà àkọ́kọ́ ní wíkẹ́ńdì tó kọjá. Bá a ṣe sáré díẹ̀ báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún jù sósì, ìyàwó mi figbe ta! Ẹ̀yìn pátápátá la kó omi àtẹrù sí o. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ṣé ẹ rí i pé ẹ ti dára yín lóhùn? Ẹrù ẹ̀yìn yẹn ni. Tí ẹ̀yìn bá ti wúwo jù, ńṣe ló máa ń gbé orí tírélà sókè níbi tẹ́ ẹ so ó mọ́ mọ́tò, kò wá ní lè dúró sójú kan mọ́. Tẹ́ ẹ bá wọn tírélà àtẹrù pọ̀ tó jẹ́ kílò 1,000, ó yẹ kí bíi kílò 100 sí 150 tẹ ojú ibi tẹ́ ẹ so yẹn, torí náà ẹ kó nǹkan tó wúwo sílẹ̀ẹ́lẹ̀ inú tírélà, lókè táyà tàbí síwájú ẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹ má wá torí ìyẹn kó gbogbo ẹ̀ síwájú o.

Tó bá tún jó ijó yẹn, ẹ má fò mọ́ bíréèkì, ẹ má sì máa fi sitíárìn lé e kiri, ẹ kàn gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, kẹ́ ẹ di sitíárìn mú gírí títí eré á fi dín kù.

Ẹ bá mi bẹ ìyàwó o. Kó yáa máa bá yín yẹ ẹrù wò kẹ́ ẹ tó gbéra.