Àyà ń dun Màmá nílé, wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni

Okun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní Màmá wà ní Ìyàrà ní ìpínlẹ̀ Kogi, àyà ń dùn wọ́n láti ọjọ́ 3, àwọn ará ilé ní ọgbẹ́ inú ni, kí ẹ fi owó oògùn ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pe Màmá fúnra wọn.

Ẹ bi wọ́n bóyá ó ń jó wọn ni àbí ó ń fún wọn. Tó bá jẹ́ omi kíkan inú ló ń ru sókè, á máa gbóná lẹ́yìn eegun àyà, pàápàá tí wọ́n bá jẹ iyán alẹ́ tán tí wọ́n sùn lé e, tàbí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀. Ẹnu wọn lè kan. Tí wọ́n bá dìde jókòó, ó sábà máa ń rọlẹ̀. Ti ọkàn dà bí ìgbà tí èèyàn gbé ọlọ lé wọn láyà. Ó lè mú wọn tí wọ́n bá ń gun òkè tàbí tí wọ́n ru igi bọ̀ láti oko, kó sì dẹ̀ tí wọ́n bá sinmi. Ìyẹn náà gba kí dókítà tètè rí wọn. Àmọ́ tó bá mú wọn lórí ìjókòó tí kò lọ, tó ń tàn dé apá, àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn, tí òógùn tútù bò wọ́n, tí wọn ò lè mí dáadáa, ẹ má bi wọ́n ní nǹkan kan mọ́. Kí àwọn ará ilé gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé lára àwọn obìnrin, àgbàlagbà àti alátọ̀gbẹ, àrùn ọkàn lè má mú àyà dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ àárẹ̀ ṣáá, èébì, èémí tó ń já, tàbí òkè ikùn tó ń dùn. Ìdí nìyí tí mi ò fi gba "wọ́n lo Gestid (oògùn omi kíkan inú), ó sì lọ" gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ìrora ọkàn náà máa ń lọ fúnra rẹ̀, kó tó padà dé. Dókítà gan-an ò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n: ECG (ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́) àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ troponin (tó ń fi hàn bóyá iṣan ọkàn ti farapa) ni wọ́n ń lò, wọ́n sì máa ń tún ECG ṣe, torí àkọ́kọ́ lè má fi nǹkan kan hàn.

Kẹ́míìsì ò ní ECG o. Ẹ ní kí ẹnìkan pe ilé ìwòsàn tó wà ní Kábbà, kó béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ àti bóyá ẹni tó ń lò ó wà níbẹ̀ lóru. Tí kò bá sí, Lọ́kọ́ja ni kí wọ́n kọjá sí, ní Federal Teaching Hospital. Ẹni tí ìyá tiẹ̀ wà ní apá Yàgbà lè kọ́kọ́ gbìyànjú ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀. Mọ́tò ni kí wọ́n gbé, kì í ṣe ọ̀kadà. Ẹ ti bá aládùúgbò tó ní mọ́tò sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tẹ̀ lé wọn ni kí ẹ fi owó sí, torí wọ́n lè béèrè owó káàdì àti owó àsansílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò. Kó kó gbogbo oògùn Màmá dání, ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti oríkèé, torí diclofenac (oògùn ìrora) àti irú rẹ̀ máa ń dá ọgbẹ́ sínú, ó sì yẹ kí dókítà mọ̀.

Ọjọ́ 3 ti pọ̀ jù, ẹ̀gbọ́n. Lónìí ni kí wọ́n gbé wọn lọ, kódà tó bá ti rọlẹ̀.